Ẹni Tó Bá Ń Wá Bàtà Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá 2025

Èmi Adéfọláhàn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ará Osdorfer Born ní Hamburg, ni ọ̀gá pátápátá nínú ká ṣubú lábẹ́ ẹ̀mí ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Mo ti ṣubú ju ogójì ìgbà lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Jenfeld. Mo ti fi èdè méje fọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin S-Bahn láti Poppenbüttel dé Altona ni, tí mo ń kà kíákíá. Wòlíì mẹ́ta ló ti sunkún lé mi lórí. Ayédèrú sì ni gbogbo rẹ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó mú mi rí.

Mo kọ ọ́ síbí kí ìtàn má baà sọnù.

Herbstferien, ìsinmi ilé ìwé, dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà ní Mallorca. Èmi, wọ́n dì mí sínú bọ́ọ̀sì lọ sí Berlin bí ẹrù tí wọn ò rí ibi gbé sí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi? Mo pọn omi ẹ̀rọ sínú ìgò kéékèèké, mo ya àgbélébùú sí i lára, mo tà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣáájú ìdánwò ìṣirò. Omi ìyè. Ammar mu ìgò méjì, ó gba mẹ́fà, èyí tó jẹ́ ìsàlẹ̀ gbogbo ìsàlẹ̀ ní Germany. Mùsùlùmí ni Ammar, mo kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé ó lè má ṣiṣẹ́ fún un. Ìyá rẹ̀ pe ilé ìwé, ilé ìwé pe Mọ́mì.

Mọ́mì ò tiẹ̀ nà mí. Wọ́n ní, “Máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ó ń kàwé nípa Ọlọ́run. Bóyá díẹ̀ á ta sí ẹ lára.”

Àǹtí Tèmipé ṣílẹ̀kùn. Kò kí mi. Ẹsẹ̀ mi ló wò. “Ìbọ̀sẹ̀ ẹ ò bára mu.” Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ eérú. Mo ní bó ṣe wà lóde nìyẹn ní Hamburg.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Kreuzberg. Ó ń gbé pẹ̀lú òyìnbó méjì tí wọ́n ń jẹ ewé bí ewúrẹ́, tí wọ́n sì ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àga tí wọ́n bá kọ lù ú.

Iṣẹ́ Àǹtí, bó ṣe yé mi sí: bí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ń jọ́sìn ni ó ń kọ Doktorarbeit, ìwé oyè ọ̀mọ̀wé, lé lórí. Kò gbọdọ̀ jọ́sìn o. Kó ṣáà kọ ọ́. Ọdún kẹrin rèé. Ìwé kún yàrá dé òrùlé. Mo ṣí ọ̀kan. Obìnrin kan sunkún nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Georgia láyé àtijọ́, láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jà lórí ìdí tó fi sunkún. Apá kan ní láti Áfíríkà ni ẹkún yẹn ti wá. Apá kejì ní rárá, ìyà oko ẹrú ló bí i. Apá kẹta ní ẹ jọ̀ọ́, eré ni, wọ́n kọ́ ọ láti kékeré bí a ṣe ń kọ́ ọmọ láti jókòó jẹ́ẹ́. Nínú gbogbo wọn kò sí ẹnì kan tó fún obìnrin náà ní áńkáṣíìfù.

Ọ̀gá Àǹtí wà ní apá kẹta. Àǹtí fúnra rẹ̀ ní Orí Karùn-ún ìwé òun sọ pé ẹni tó dúró níta kò lè wò ó kó ní eré ni. Mo ní, “Àǹtí, tí wọn ò bá gbà ńkọ́?” Ó ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ máa jókòó lé orí náà. Tí wọ́n bá gbà á, ọdún méjì sí i lẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó tán ní Oṣù Kejìlá.

“Màá wá bá yín ní Osdorfer Born nìyẹn, kí n máa bá Mọ́mì tọ́jú àwọn arúgbó.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú.

Ọjọ́rú, 22

Míìsì Earlene. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Erékùṣù kan létí òkun Georgia ni wọ́n ti bí wọn. Ṣọ́jà Amẹ́ríkà kan ló fẹ́ wọn wá sí Berlin. Ṣọ́jà kú, wọn ò padà. Òkè ṣọ́ọ̀bù kẹ́bábù ni wọ́n ń gbé, yàrá méjì, ilẹ̀ pákó. Wọ́n ní nítorí pákó yẹn ni àwọn ṣe gba ilé náà, wọ́n ti kọ èyí tó ní kápẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjì ni Àǹtí ti ń lọ jókòó tì wọ́n.

Ohun tí Àǹtí ń wá lọ́dọ̀ wọn ni ṣáòtù. Mo rò pé igbe ni. Rárá. Nílé àdúrà wọn lérékùṣù, wọ́n á pa òbìrìkìtì. Ẹnì kan á dá orin, àwọn tó kù á gbè é. Ẹnì kan á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀, á máa fi ìdí rẹ̀ gún pákó bí ẹni ń gúnyán. Òbìrìkìtì á máa yí. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lórí ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Bó bá kọjá, ó di ijó, ijó sì ni ẹ̀ṣẹ̀.

Wọ́n ní kí n dán an wò. Hamburg ni wọ́n ń pè mí. “Hamburg, dìde.” Mo fa ẹsẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ ẹ ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sá fún ọlọ́pàá.” Mo ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di tábìlì mú.

Mo fẹ́ràn ìyá yìí. N kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè tèmi, ti ọ̀gá sí ọ̀gá: báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó ń dọ́gbọ́n? Wọ́n ní kò le. “Tó bá tán, ẹni tó ń ṣe é fún wa, ojú wa ló máa wò. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí á máa wá bàtà rẹ̀.”

Àǹtí ń kọ ọ́ bí ẹni tí iná ń jó. Ó jọ pé ó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó kàn fẹ́ràn kó máa kọ ọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 23

Òjò. Tófù. Ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Lónìí mo di ènìyàn ńlá.

Mo tẹ̀lé Àǹtí lọ síbi iṣẹ́. Ó gòkè lọ kọ́ àwọn ọmọ kan, ó ní kí n jókòó sísàlẹ̀, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti bá mi. Maximilian. Ó lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ní kí gbogbo ayé máa pe òun ní Max bí ajá aládùúgbò. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Alángbá. Tó o bá ti lanu báyìí, orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bíi ti alángbá tó já láti orí ìrókò tó ń yin ara rẹ̀. N kò ní fún un ní “wọ́n” nínú ìwé yìí. Kò tíì tó o.

Ó gbọ́ Jenfeld, ojú rẹ̀ tàn. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun? Ẹ máa ń bọ́ bàtà? Ẹ máa ń ṣubú? Ìwọ náà máa ń ṣubú? Ó gé Pflaumenkuchen fún mi, ó tan fóònù rẹ̀ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Mo tú u fún un. Ogójì ìgbà. Èdè méje. S-Bahn. Nígbà tí mo dé S-Bahn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ó ní kí ni mo máa ń mọ̀ lára tí mo bá wà nílẹ̀. Mo ní, “Ebi.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Ọ̀jọ̀gbọ́n odindi! Ó tún fẹnu kélẹ́ bi mí pé ṣé gbogbo rẹ̀ ni ayédèrú, ṣé kò sí ẹyọ kan tó yàtọ̀. Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ pátápátá.” Ó gé kéèkì kejì.

Mo wá ṣubú fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ṣe ti ẹ̀yìn, mo ṣe ti ẹ̀gbẹ́. Mo ṣe èyí tí mò ń pè ní Ìyá Ìjọ, tí ojú á kọ́kọ́ yí kí ara tó kanlẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Orí ń mì bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ já.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé. Kéèkì méjì, o ti ra wọ́n tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

“Orísun” ni Alángbá pè mí. Mọ́mì ò pè mí ní nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ọwọ́ sápò rìn yí Kreuzberg ká bí orísun. Àwọn ará ibí fi owó gidi ra ṣòkòtò tó ti ya. Tí Mọ́mì bá rí wọn, wọ́n á ṣàánú wọn.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Mọ́mì pè. “Ṣé o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?” Mo ní Berlin ò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní irọ́ á pa mí, wọ́n sì gbàdúrà lé mi lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Kó tó kú, wọ́n ní Brọ́dà Akíndélé tó ń tẹ dùùrù ń béèrè mi, pé láti ìgbà òtútù ni n kì í ti í wá ṣubú mọ́, kí ló dé.

Kí ló kan Brọ́dà Akíndélé? Kó lọ kọ́ dùùrù.

Ọjọ́ Ajé, 27

Ilé pa lọ́lọ́ láti àárọ̀. Àwọn ajewé méjì ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Àǹtí kò bá mi jà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Lọ́sàn-án ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Alángbá ló kọ̀wé: òun ti rí ẹlẹ́rìí kan láti inú, aláṣọ funfun gidi, tó jẹ́wọ́ pé eré ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jenfeld àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Georgia, ọgbọ́n ara kan náà ni. Pé lójú ẹ̀rí yìí, Orí Karùn-ún kò lè dúró. Òun á gbé ohùn ọmọ náà sétí ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí ọmọ náà wá fi hàn wọ́n fúnra rẹ̀.

Mo ní eré lásán ni mo fi bá a ṣe. Àǹtí ní, “Èwo ni eré? Ṣíṣubú ni àbí ọ̀rọ̀ tó o sọ?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Fọláhàn, mi ò ní kó o gbè mí o. Tó bá jẹ́ òótọ́, kí orí yẹn wó, màá kó ẹrù mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, sọ fún mi. Gbogbo rẹ̀? Gbogbo rẹ̀ pátápátá?”

Mo wò ó lójú. “Gbogbo rẹ̀, Àǹtí.”

Ó ní, “Ó dáa.” Ó dìde, ó lọ gbé omi tíì kaná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Mo lọ sọ́dọ̀ Míìsì Earlene fúnra mi. N kò mọ ohun tí mo lọ ṣe. Mo ní mo wá bá wọn gbé ìdọ̀tí sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n ti gbọ́. Àǹtí ti pè wọ́n. Wọn ò bínú, wọ́n fún mi ní búrẹ́dì àgbàdo. Wọ́n ní ní erékùṣù àwọn, àwọn òyìnbó máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn, wọ́n á ní kí bàbá àwọn tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, àkọ́kọ́ ò wọlé dáadáa. Bàbá á tún un ṣe fún wọn. “Èyí tí wọ́n sì gbé lọ nìyẹn. Èyí àtúnṣe.”

Wọ́n wá wò mí. “Hamburg. Ní gbogbo ogójì yẹn, ṣé o ti wá bàtà rí?”

Mo ní nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa a kì í wọ bàtà.

Wọ́n ní, “Mi ò béèrè ìyẹn.”

Mo gbé ìdọ̀tí, mo sọ̀kalẹ̀, mo ta agolo ìdọ̀tí oníkẹ́bábù ní ìpá. Oníkẹ́bábù fi èdè Turkish bú mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yé.

Ọjọ́rú, 29

Àǹtí ń ṣa aṣọ fún ìfọ̀. Ó fẹ́ da ìbọ̀sẹ̀ dúdú yẹn nù, ó ní ẹyọ kan kì í wúlò fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Mo já a gbà. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

Ọjọ́bọ̀, 30

Jẹ́ kí n kọ ọ́ kó tó kúrò lójú mi.

Yàrá ńlá, fèrèsé dé ilẹ̀, omi ìgò onígáàsì lórí tábìlì. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, ó nípọn bí irun àgùntàn. Bí ogún ènìyàn ló jókòó yí ká, wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ débi tí irun fi tán lórí ọ̀pọ̀ wọn. Alága ni obìnrin onírun funfun kan tí kì í rẹ́rìn-ín.

Alángbá ti ní kí Àǹtí mú Míìsì Earlene wá. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n “fi díẹ̀ hàn wá”. Kò wá ẹni tó máa gbe orin. Kò wá ẹni tó máa yí po. Arúgbó kan ṣoṣo láàárín, kámẹ́rà níwájú. Bíi kó o ní kí ẹnì kan fi bọ́ọ̀lù hàn ọ́, kó o gbé e sójú agbami.

Míìsì Earlene gbé igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n gbé láti ilé wá. Wọ́n gún ilẹ̀. Púfù. Wọ́n tún gún un. Púfù. Bí ẹni ń gún ìrọ̀rí. Wọ́n wo kápẹ́ẹ̀tì náà tìyanu-tìyanu.

“Ilẹ̀ yìí kì í dáhùn,” ni wọ́n wí. Wọ́n sì lọ jókòó. Wọ́n bẹ̀ wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọn ò dìde mọ́. Alángbá mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Àǹtí ka Orí Karùn-ún. Ohùn rẹ̀ ò yẹ̀.

Ó wá kan èmi. Alángbá tẹ fóònù, ohùn mi jáde. Ogójì. Èdè méje. Poppenbüttel. Àwọn ògbógi rẹ́rìn-ín! Ọ̀kan fọwọ́ lu tábìlì, òmíràn nu ojú. Ní gbogbo ayé mi, ohun tí mo ń fẹ́ nìyẹn, kí yàrá kún, kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Mo dúró kó dùn mọ́ mi. Kò dùn. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Mọ́mì ni, nínú aṣọ funfun, lórí orúnkún. Èmi ni mo gbé wọn wá fún wọn, mo sì gba kéèkì.

“Ebi,” ni fóònù wí. Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n sún àga sẹ́yìn. Alángbá nawọ́ sí kápẹ́ẹ̀tì. Ó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin, bí o ṣe ṣe é fún mi.

Mo dìde. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo wo ilẹ̀.

Mo ní, “Irọ́ ni mo pa.”

Wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Mo tún un sọ, mo ké díẹ̀. Alángbá ní, “Apá wo?” Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. “Apá wo nínú rẹ̀ ni irọ́?” Mo ní kó pa ohùn mi rẹ́, gbogbo rẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n èyí gan-an tún wuni jù, kí ẹlẹ́rìí sẹ́ ẹ̀rí ara rẹ̀. Ó fa bírò yọ!

Obìnrin onírun funfun ní, “Max, dé bírò yẹn. Ọmọ náà ti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kò sí ohun tá a fẹ́ fi ṣe mọ́.”

Orí Karùn-ún dúró. Ọdún méjì. Wọ́n ní ká jáde fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá pe Àǹtí padà wọlé, wọ́n sọ fún un.

Lẹ́nu ọ̀nà, Míìsì Earlene fi ìdí igi ìgbálẹ̀ tọ́ mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, “Hamburg.”

Àǹtí ra Döner fún mi, èyí tó kún fún ẹran. Nígbà tó yá ó ní, “Ìbọ̀sẹ̀ ẹ ṣì ò bára mu.” Mo ní mo mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 31

Nínú bọ́ọ̀sì sí Hamburg. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi ń sùn, ó ń da itọ́ sí èjìká mi. Berlin ń bá mi dé ilé.

Alángbá ní apá wo. N kò ní sọ fún un láé, ì báà fi kéèkì kọ́lé fún mi. Ìwé, ìwọ nìkan.

Ogójì: irọ́ ni. Kò tó méjìlá. Èdè méje: S-Bahn nìkan ló wà, mo sì máa ń gbàgbé Ohlsdorf. Wòlíì mẹ́ta tó sunkún: ẹyọ kan ni, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é.

Ọ̀ṣọ́ lásán nìwọ̀nyẹn. Irọ́ gidi tó wà níbẹ̀ ni “gbogbo rẹ̀ pátápátá”.

Oṣù Kejì ni. Kò sí ìsìn. Mo tẹ̀lé Mọ́mì lọ tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, tìbínú-tìbínú. Òtútù pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà débi tí Mọ́mì fi ní kí n má bọ́ ìbọ̀sẹ̀, pé á yé Ọlọ́run. Lẹ́yìn ògiri, wọ́n ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀, ẹ̀rọ wọn ń ké. Mọ́mì wà lórí orúnkún níwájú pẹpẹ, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìda àbẹ́là kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń kọrin sínú. Ẹsẹ kan náà, lórí ẹsẹ kan náà. Ohùn Mọ́mì ò dára. Èmi ń to àga. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ kó wò mí. Orin náà kàn ń dá wà ni, mo sì gbè é, ẹ̀ẹ̀kan, kó má dá wà.

Lẹ́yìn ìyẹn n kò mọ̀.

Nígbà tí mo mọ ara mi, mo ti wà nílẹ̀ ní ìhà kejì gbọ̀ngàn. Ojú mi tutù. Àwọn àga wà níbi tí mo tò wọ́n sí. Ẹ̀rọ ṣì ń ké, Mọ́mì ṣì ń ha ìda. N kò wò bóyá ẹnì kan rí mi. Mo ń rákò lábẹ́ àga.

Mọ́mì yíjú. “Kí lò ń wá?”

“Ìbọ̀sẹ̀ mi.”

“Èwo?”

“Ti òsì.”

N kò tíì rí i.